Etí Òsì Ọ̀gá Panẹ́bítà

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà tí Tíṣà dì mọ́wọ́ ju ẹkún lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn ti lè rí ẹ̀rín fà yọ nínú rẹ̀. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin lórí ìdúró, ní ẹnu ọ̀nà yàrá tí bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí nílé ìwòsàn. Gbogbo ìgbà tó bá sì dé ìlà kẹta ni àyà rẹ̀ máa ń gbóná bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná.

"A rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi òtítọ́ pa mọ́ fún wa ní ìbéèrè kẹsàn-án. Nítorí náà, a kò ní lè san ohunkóhun lórí ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀ sí yín."

Mọ̀ọ́mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ń ta á lójú bí ata.

Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá panẹ́bítà tí gbogbo onímọ́tò àdúgbò mọ̀, ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógójì lu ara ọkọ̀ tó wọ́ títí yóò fi tẹ́jú padà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan nínú ọgbà iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti etí ọ̀tún lé irin, ó ń fojú wọn ibi tó lù bóyá ó ti dọ́gba, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi ẹ̀yìn rìn wọlé láti apá òsì rẹ̀. Awakọ̀ fun fèrè. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń ké pí-pí-pí bí àwọn ọkọ̀ ńlá ṣe máa ń ké bí wọ́n bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ọ̀gá nìkan ni kò gbọ́. Táyà gun ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Ó ku èkejì, èyí tí wọ́n máa fi irin ti egungun tó rún lẹ́yìn, wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún un: ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá láìṣe é, ó ní, gígé ló kù. Irin yẹn ò sì sí lára ohun tí ilé ìwòsàn fi ń tọrẹ. Ìwé adójútòfò tí gbogbo ayé ń pè ní ínṣọ́ránsì, èyí tí Ọ̀gá ti ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù láti ọdún márùn-ún, òun ni wọ́n gbọ́kàn lé. Òun náà ló wá kọ ẹ̀yìn sí wọn yìí.

"Kí ni wọ́n wí?" bàbá rẹ̀ béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Tíṣà wọlé. Láìronú, ó gba ìdí bẹ́ẹ̀dì yí lọ sí apá ọ̀tún bàbá rẹ̀, níbi tí ààyè ò sí, nítorí pé ògiri ló wà níbẹ̀. Ó fún ara rẹ̀ mọ́ àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ó lanu láti sọ̀rọ̀, ó sì pa á dé. Àga wà lápá òsì. Tìmùtìmù wà lórí àga. Kí ló gbé òun wá síbi tí èèyàn ò ti lè mí?

"Bàbá, ẹ dúró ná," ó ní.

Ó tún fún ara rẹ̀ jáde, ó yí lọ sí apá òsì, ó jókòó. Ó sún ẹnu mọ́ etí bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kí aládùúgbò: "Bàbá, ilé yín ti ń jó o. Gbogbo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán."

Ọ̀gá ń wo òkè àjà. "Ṣé o ti jáde ni?" ló bi ògiri.

Inú bí Tíṣà, ìbínú náà ò sì mọ ilé tí yóò wọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ìṣirò ló kà ní yunifásítì, ìṣirò ló sì fi ń jẹun. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé ẹni tí kò bá béèrè pé "kí ló dé" kò tíì ṣe ìṣirò. Láti kékeré ló ti ń jókòó lápá ọ̀tún bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ, tó ń rìn lápá ọ̀tún rẹ̀ lójú títì, kò sì bi ara rẹ̀ rí pé kí ló dé. Ìyá rẹ̀ náà, apá ọ̀tún ni. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún bàbá nílé gbogbo èèyàn nìyẹn.

Ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé etí òsì yín ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Etí òsì?" Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tí omi fi tutù. "Ìyẹn etí iṣẹ́. Ó ti lọ síbi iṣẹ́ látìgbà tí wọn ò tíì bí ẹ. Èyí tó wà nílé yìí ni mo fi ń gbọ́ràn. Ṣé kò tó ni?"

"A kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kò sí nǹkan tó ṣe etí yín."

"Ìwọ lo kọ ọ́," bàbá rẹ̀ wí, láìsí ẹ̀sùn lóhùn rẹ̀. "Òótọ́ lo sì kọ. Etí mi ò dùn mí rí."

Òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, ní pálọ̀ wọn. Ọmọkùnrin tó ń ta ìwé ínṣọ́ránsì kiri, èyí tí àwọn panẹ́bítà sọ ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé eyín rẹ̀ kì í rí ilé jókòó, ló wá bá wọn nílé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Apá òsì Ọ̀gá ló kọ́kọ́ jókòó sí. Ó béèrè orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, Ọ̀gá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Tíṣà ló gbà á sílẹ̀.

"Dìde níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, àga ló ń bá sọ̀rọ̀. Wá síbí."

Ẹlẹ́rìn-ín gbé àga yí, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè. Tíṣà ló di gègé mú nítorí pé lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ dára. Ìkẹsàn-án dé: ǹjẹ́ àìlera kankan wà ní ojú, etí, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yín?

Ọ̀gá na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ọwọ́ nìyí. Ẹsẹ̀ nìyẹn. Ojú mi ríran débi pé mo ti rí i pé ìsàlẹ̀ bàtà yín kan ti fẹ́ já. Etí ńkọ́? Ṣé mi ò gbọ́ yín ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó sì kọ "Rárá" síbẹ̀, lẹ́tà gbọọrọ, tó mọ́ rekete.

Báwo wá ni ilé-iṣẹ́ náà ṣe mọ ohun tí ọmọ bíbí inú Ọ̀gá ò mọ̀? Ìdáhùn wà lára ògiri tí Tíṣà fẹ̀yìn tì. Apá ọ̀tún Ọ̀gá ni wọ́n gbé ti ògiri lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, nítorí náà apá òsì ni gbogbo nọ́ọ̀sì ti ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé orí náà fara gbọgbẹ́. Wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé orí ò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n etí òsì ti kú, ó sì ti pẹ́ tó ti kú. Ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì béèrè fáìlì. Ó parí. Ká ní ògiri kejì ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn tì ni, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ dọ̀la.

"Kí ni wọ́n wí nínú lẹ́tà?" Ọ̀gá tún béèrè.

"Wọ́n ní ẹ parọ́," Tíṣà wí. Kò mọ bí a ṣe ń fi òwú dì í.

"Èmi," Ọ̀gá ní. Ó fi etí ọ̀tún lé ìrọ̀rí, kó má baà gbọ́ ohunkóhun mọ́.

Láti ilé ìwòsàn, ọgbà iṣẹ́ ni Tíṣà gbà lọ. Ọ̀sán gangan ni, àwọn panẹ́bítà mẹ́wàá tó kù ti dá òòlù dúró, wọ́n ń jẹun. Ó ti wọ ọgbà yẹn ju ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ, ṣùgbọ́n òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Wọn ò jókòó yípo. Méjì méjì ni wọ́n jókòó, èjìká ọ̀tún sí èjìká ọ̀tún, ẹnì kan kọjú sí géètì, èkejì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni tó fẹ́ kọjá lára ara wọn lọ́nà tóóró tí wọ́n wá dúró kí ara wọn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó rò pé wọ́n ń ṣọ́ géètì ni.

Igbákejì bàbá rẹ̀ dìde. Pẹlẹbẹ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí irin tó lè wọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Tíṣà, ẹ káàsán. Ọ̀gá ńkọ́?"

Tíṣà ò dáhùn ìkíni. "Ẹ̀gbọ́n Pẹlẹbẹ, kí ló dé tí ẹ ò jókòó yípo bí gbogbo èèyàn?"

"Yípo ṣe kẹ̀?" Ó yà á lẹ́nu. "Bí a bá jókòó yípo, màá máa gbọ́ ti ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi, òun ò ní gbọ́ tèmi. Ẹni tó wà lósì mi á máa gbọ́ mi, èmi ò ní gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ á kàn máa yí lọ sápá kan. Ta ló máa wá rí ẹni bá jà?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Apá òsì mi ni ìyàwó mi ń sùn sí. Ìdí nìyẹn tí ilé wa fi tòrò."

"Gbogbo yín ni?" Tíṣà béèrè.

"Ó di dandan. Ọwọ́ ọ̀tún ló mú òòlù, ọwọ́ òsì ló mú irin tó ń tì í lẹ́yìn, etí òsì ló sì sún mọ́ ariwo rẹ̀ jù. Ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá kọ́ mi nìyẹn kó tó fi òòlù lé mi lọ́wọ́: bí o bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, gba ọ̀tún."

Tíṣà fi orúkọ wọn sínú ìwé, ó ń tò wọ́n bí ẹni ń pe rẹ́jísítà. Ó dúró sí apá òsì ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sọ ohun kan náà fún wọn: pé ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó yí ọrùn. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Gbogbo wọn ló ní ìwé ínṣọ́ránsì kan náà, láti ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín kan náà, gbogbo wọn ló sì dáhùn "Rárá" sí ìbéèrè kẹsàn-án láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ka lẹ́tà náà sí wọn létí, létí ọ̀tún. Nígbà tó dé "mọ̀ọ́mọ̀", ẹ̀rín tán nílẹ̀.

"Ọ̀gá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?" Pẹlẹbẹ béèrè. "Ẹni tó ń pe onímọ́tò padà pé owó tó san ti pọ̀ jù?"

"Ọ̀la ni mò ń lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo fẹ́ kí gbogbo yín bá mi lọ."

Pẹlẹbẹ mú àkísà, ó ń nu ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan. Bí a bá bá yín lọ, wọ́n á mọ gbogbo wa. Ìwé tiwa náà wà lọ́wọ́ wọn."

"Mo mọ̀," Tíṣà ní. Kò purọ́ fún un. Àtìgbà tó ti dé orí ẹni karùn-ún ló ti rí i. "Ó lè bọ́ sórí yín. Mi ò lè ṣèlérí pé kò ní bọ́ sórí yín."

"Kí wọ́n mọ̀ wá," ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn lápá òsì wí. "Ṣé a jí nǹkan ni?"

Pẹlẹbẹ ju àkísà sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ Ọ̀gá ni wọ́n fẹ́ gé. Mi ò lè jókòó síbí kí n máa ro tèmi. Aago mélòó?"

Ọ́fíìsì náà tutù bí inú fíríìjì. Wọ́n kan àga mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sún un, òdòdó inú ìkòkò kì í sì í ṣe gidi, ọ̀rá ni. Tíṣà ní kí àwọn mẹ́wàá dúró síta yàrá, òun nìkan ló wọlé bá ọ̀gá onítáì tó buwọ́ lu lẹ́tà. Ọkùnrin náà kò le, kò sì rọ̀. "Ẹ má bínú" ló ń fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, òun ló sì fi ń parí rẹ̀, títí "ẹ má bínú" fi wá ń bí èèyàn nínú ju èébú lọ.

"Ẹ má bínú, ìyáàfin. Ìlànà wa ni."

"Ìbéèrè kan ṣoṣo," Tíṣà wí. "Ká ní bàbá mi sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé etí òsì wọn ò gbọ́, ṣé ẹ ò ní gba owó wọn ni?"

"A máa gbà á. A kàn máa fi díẹ̀ lé owó oṣooṣù ni."

"Díẹ̀ yẹn, báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

Ó wo kọ̀ǹpútà. "Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún."

"Nítorí ìdá mẹ́wàá, kí wọ́n gé ẹsẹ̀ odindi èèyàn."

"Kì í ṣe nítorí owó rárá, ẹ má bínú. Nítorí òótọ́ ni. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, a máa ń bá a rò ó: a ó yọ àfikún tó yẹ kó ti san, a ó san ìyókù fún un. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pa mọ́, ìwé rẹ̀ ti di òfo láti ọjọ́ kìíní." Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. "Ìyáàfin, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ni etí rẹ̀ kan á kú tí kò ní mọ̀ pé àìlera ni?"

Ohun tí Tíṣà ń dúró dè nìyẹn. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn.

Àwọn mẹ́wàá wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn, òórùn ọ̀dà àti irin bá wọn wọlé, yàrá náà kún dé ẹnu. Ọ̀gá onítáì dìde dúró.

"Ẹ má bínú," Tíṣà wí. Ó ti ń wù ú láti àárọ̀ láti sọ ọ́. "Ẹ yan ẹni tó bá wù yín nínú wọn. Ẹ dúró sápá òsì rẹ̀, kí ẹ kí i."

Ọkùnrin náà rò pé eré ni. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Pẹlẹbẹ, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Pẹlẹbẹ ń wo òdòdó ọ̀rá. Ó kí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó kí ẹni kẹta.

"Ẹ̀yin náà ò gbọ́ràn?" ó pariwo.

Èyí dé ibi tó yẹ kó dé. Pẹlẹbẹ yí padà bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. "Ta ni ò gbọ́ràn? Ẹ wo ọkùnrin yìí o. Ẹni tí mo ń wò lójú kòrókòró ló ń pè mí ní adití."

"Adití ń bẹ nílé bàbá ẹlòmíràn," ẹnì kan gbè é.

"Ẹ bi wọ́n wò," Tíṣà ní. "Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú wọn bóyá àìlera wà létí rẹ̀."

Kò bi wọ́n. Ojú wọn ti dá a lóhùn. Gbogbo wọn ló ń bínú, ìbínú ẹni tí wọ́n fi àrùn tí kò ní kàn. Tẹlifóònù ló gbé, ó sì ránṣẹ́ pe ẹni tó ta ìwé náà.

Ẹlẹ́rìn-ín wọlé, eyín síta. Nígbà tó rí ẹni tó kún yàrá, eyín padà sílé. Síbẹ̀, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Kò lè rí àgbà kó má kí wọn. Ó fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín àwọn èèyàn náà àti fèrèsé, ó yí Pẹlẹbẹ po, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí apá ọ̀tún rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀gá ńkọ́ o?"

"Kí ló dé tí o gba ibẹ̀?" Ọ̀gá onítáì ló béèrè, kì í ṣe Tíṣà.

"Sà?"

"Ẹnu ọ̀nà lo ti wọlé. Apá òsì wọn ló kọ́kọ́ kàn ẹ́. Kí ló dé tí o yí wọn po?"

"Ibẹ̀ la máa ń gbà bá wọn sọ̀rọ̀, sà."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Àwọn ni. Látọjọ́ àkọ́kọ́."

"O wá mọ̀ pé wọn ò gbọ́ lápá kejì."

Òógùn bo iwájú orí Ẹlẹ́rìn-ín nínú òtútù yẹn. "Sà, mi ò pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn ni."

Tíṣà fẹ́ kórìíra rẹ̀, kò rí i ṣe. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọmọkùnrin náà fi ẹnu sọ jáde yẹn. Ìbínú tó kù, ibì kan ṣoṣo ló rí gbà lọ.

"Ó dáa," ó ní. Kò gbé ohùn sókè. Bí ohùn rẹ̀ bá ti wálẹ̀ báyìí ní kíláàsì, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ìjàngbọ̀n ti dé. "Bàbá mi, ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí, mẹ́wàá. Òṣìṣẹ́ yín tó yí wọn po, méjìlá. Èmi tí mo fi ọwọ́ mi kọ 'Rárá', mẹ́tàlá. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjì. Ẹ lè sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn yìí báyìí pé onírọ́ ni gbogbo wa, àti ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Tàbí kí àṣìṣe máa jẹ́ àṣìṣe, kí ẹ yọ ìdá mẹ́wàá yín, kí ẹ san ìyókù fún ilé ìwòsàn kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Ẹ̀kẹta ò sí. Mo ti wá a títí."

Ọ̀gá onítáì wo Pẹlẹbẹ. Pẹlẹbẹ wò ó padà. Ọkùnrin náà bọ́ síta láti lọ tẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ láago, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílẹ̀. Nígbà tó padà, kò sọ "ẹ má bínú".

"A máa san án. A máa yọ àfikún ọdún márùn-ún."

"Ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà mìíràn tí kò ní sí nínú rẹ̀. Mo lè jókòó."

Ó jókòó. Wọ́n tẹ lẹ́tà mìíràn. "Àṣìṣe tí kò ní ẹ̀tàn nínú" ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Owó dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́bọ̀, wọ́n fi irin náà sí ẹsẹ̀ Ọ̀gá ní ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ sì dúró. Nígbà tí Tíṣà ka lẹ́tà kejì fún bàbá rẹ̀, ó rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ọ̀gá gba ìwé náà, ó wò ó, ó fi fún un padà.

"Àṣìṣe wo ni mo ṣe?" ó ní. "Wọ́n bi mí bóyá mò ń gbọ́ràn. Mo ní mò ń gbọ́. Ṣé mi ò gbọ́ ni? Sọ fún wọn pé mi ò gba ìyẹn náà."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Pẹlẹbẹ pè é. Ó ní kó yà lọ́dọ̀ àwọn bó bá ti ilé-ìwé bọ̀. Tíṣà gbọ́ ohùn yẹn, ó ti mọ̀.

Kò sí ẹni tó ń lu irin nínú ọgbà náà. Lẹ́tà mẹ́wàá wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. "Nítorí ohun tí ilé-iṣẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nípa ìdáhùn yín sí ìbéèrè kẹsàn-án, ìwé yín ti di òfo láti ọjọ́ kìíní." Ọwọ́ kan náà ló buwọ́ lù ú, ọwọ́ tó kọ "àṣìṣe tí kò ní ẹ̀tàn nínú" fún Ọ̀gá. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n san owó rẹ̀, lórí èèyàn mẹ́wàá ni wọ́n ti gbà á padà.

"Ìyàwó mi béèrè lánàá pé ta ló sọ fún wọn," ẹni tí ilé rẹ̀ tòrò wí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni," Tíṣà wí.

"Mo sọ fún un pé ìwọ ni. Ó ní kí n má kí ẹ mọ́."

"Ó tó gẹ́ẹ́," Pẹlẹbẹ dá a dúró. "Ẹsẹ̀ tiwa la fi rìn dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé wa lọ." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń wo lẹ́tà tirẹ̀ bí ẹni ń wo irin tí kò mọ ibi tí òun ó ti kọ́kọ́ lù ú. "Ọdún márùn-ún ni mo ti ń san owó yìí, Tíṣà. Bí òòlù bá fò bá mi lójú lọ́la, kí ni mo ní lọ́wọ́?"

Tíṣà mú lẹ́tà kan nínú mẹ́wàá náà, ó kà á, ó tún un kà, ó ń wá ibi tó ti lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó rí i ní ìlà tó gbẹ̀yìn. Òfo láti ọjọ́ kìíní. Bí ìwé kan bá jẹ́ òfo láti ọjọ́ kìíní, a jẹ́ pé kò sí ọjọ́ kan tí àwọn èèyàn yìí jẹ ilé-iṣẹ́ náà lówó. Òfo ni wọ́n sì ti ń gba owó lé lórí lóṣooṣù, fún ọdún márùn-ún, lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá. Kò sí ibì kan nínú lẹ́tà náà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ dídá a padà.

Ó ju báàgì rẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa gègé àti bébà yọ, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́.

"Ẹ sún mọ́bí," ó sọ fún Pẹlẹbẹ. "Tiyín la ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn, títí mẹ́wàá á fi pé. Bí wọ́n bá ní òfo ni, kí wọ́n san owó náà padà. Bí wọn ò bá fẹ́ san án padà, kí wọ́n jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń gbà á fún. Nọ́ńbà ìwé yín?"

Pẹlẹbẹ kà á fún un. Ó kọ ọ́, ó kọ déètì, ó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́. Nígbà tó dé "láti ọjọ́ kìíní", ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó tún fa òmíràn, títí bébà fi ya. Ó rún bébà náà mọ́wọ́, ó sọ ọ́ nù, ó sì mú òmíràn.